Dókítà fẹ́ da egungun màlúù sí mi lẹ́nu, ẹ gbà mí o

Ìyá Ìbejì Tákié: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Inú ń bí mi. Eyín ìsàlẹ̀ mi kan ń mì, erìgì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Mo lọ sí ilé ìwòsàn kan, mo jókòó láti àárọ̀, ẹni tó dé lẹ́yìn mi wọlé ṣáájú mi torí pé ó mọ nọ́ọ̀sì. Nígbà tó kàn mí, ọmọ kékeré kan ló wo ẹnu mi. Ó ní egungun tó di eyín mú ti jẹ lọ, pé àwọn á la erìgì, àwọn á da lẹ́búlẹ́bú egungun màlúù sí i, àwọn á fi awọ fẹ́lẹ́ kan bò ó. Èmi tí mò ń ta pọ̀nmọ́, èmi ni wọ́n fẹ́ ta egungun màlúù fún! Owó tó pè kò ṣeé gbọ́ sétí. Ọkọ mi ní kí wọ́n yọ ọ́ dànù. Ìkómọ àbúrò rẹ̀ tún ń bọ̀, èmi ni mo máa dáná. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Àdìó: Orín àtà àti omi iyọ̀. Ẹ má dá wọn lóhùn.

Nọ́ọ̀sì Sábó: Bàbá, omi iyọ̀ kì í hu egungun. Ìyá Ìbejì, ṣé wọ́n ya X-ray? Ṣé wọ́n ti fọ abẹ́ erìgì yín? Ìyẹn ló máa ń ṣáájú. Ṣé ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà? Ṣé ẹ ń fín áṣáà?

Alhaji Onípákó: Mo gbọ́ pé ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń mú awọ yẹn.

Ìyá Ìbejì Tákié: Ẹlẹ́dẹ̀ kẹ̀! Astaghfirullah! Kò sọ ìyẹn fún mi o.

Nọ́ọ̀sì Sábó: Ti ẹlẹ́dẹ̀ wà, ti màlúù wà, ẹ béèrè. Èyí tí kì í yòrò nínú ara náà wà, àmọ́ wọ́n á tún la erìgì kí wọ́n tó yọ ọ́. Erìgì ló ń yára hù ju egungun lọ. Tí awọ ò bá dí i lọ́nà, òun ló máa gba àyè egungun. Wọ́n sì lè bu egungun tiyín gan-an láti ibòmíràn lẹ́nu.

Àǹtí Ràmọ́: Wọ́n ṣe tèmi n'Íbàdàn. Ẹnu mi wú, mi ò lè fojú kan àmàlà gbígbóná, ọkọ mi wá ń jẹun níta, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Dókítà ní tí egungun bá ti jẹ wálẹ̀ lọ́gbọọgba yí eyín ká, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe. Tèmi jẹ́ kòtò tí ògiri egungun yí ká, irú ibẹ̀ ni egungun tuntun ti ń mú. Lẹ́yìn oṣù 6 ni wọ́n tún yà á wò.

Bàbá Àdìó: Owó ni gbogbo wọn ń wá.

Ọmọ Olóbì: Bàbá Àdìó, eyín mélòó ló kù lẹ́nu tiyín?

Ìyá Ìbejì Tákié: Ẹ má bú Bàbá. Wọ́n ya X-ray, ó wà lórí fóònù ọkọ mi. Wọ́n ní kí n wá fọ eyín, mi ò ráyè. Mi ò fín áṣáà láyé mi. Ṣúgà yẹn, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ní mo ní in, àmọ́ oògùn rẹ̀ ń dà mí láàmú, mo ti pa á tì látìgbà ààwẹ̀. Àgbo ni mò ń mu. Mi ò sọ fún ọmọ yẹn, ṣebí eyín ni mo bá lọ.

Nọ́ọ̀sì Sábó: Háà, Ìyá Ìbejì! Ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn! Ṣúgà tí kò sí níkàáwọ́ ń ba erìgì jẹ́, erìgì tó ń ṣàìsàn náà ń gbé ṣúgà sókè. Tí wọ́n bá là á báyìí, ó lè má jiná bó ṣe yẹ, owó yín á wọgbó. Kí wọ́n yọ ọ́ láìmọ̀ gan-an léwu. Ẹ lọ yẹ ṣúgà wò lọ́la kẹ́ ẹ tó jẹun, kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà.

Ìyá Ìbejì Tákié: Lọ́la ni ìkómọ. Ó di ọjọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá mi bi ọmọ yẹn bóyá ti ẹlẹ́dẹ̀ ni?