Táyà wo ló yẹ Lexus LS 400 ọdún 1998, kí ló sì yẹ kí n tún ṣe kí n tó ra táyà náà?

AwakọJẹ́jẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà awakọ̀. Lexus LS 400 tí wọ́n ṣe ní ọdún 1998 ni mò ń lò, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì V8 oní-lítà 4. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ láìpariwo, inú rẹ̀ sì ṣì ń tuni lára, ṣùgbọ́n táyà rẹ̀ ti tó pààrọ̀. Nọ́ńbà tó wà lára àwọn táyà náà ni 225/60R16. Méjì tó wà níwájú ti jẹ ní ẹ̀gbẹ́ inú títí tí wáyà fi fẹ́ yọjú, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ òde wọn ṣì dára. Bí mo bá sì tẹ bíréèkì lórí eré, sítíárìn a máa gbọ̀n. Ẹnìkan ń fi ríìmù oní-íǹṣì 18 lọ̀ mí, ó ní ọkọ̀ náà yóò dà bí tuntun. Ẹlòmíràn ní kí n ra táyà àlòkù tí ojú rẹ̀ ṣì kún. Èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì, àbí kí n má ṣe ìkankan?

OjúTáyà

Ẹ má ṣe ìkankan, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ríìmù ṣáájú. Lára 225/60R16 tí ẹ ń lò, gíga ẹ̀gbẹ́ táyà jẹ́ ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ti fífẹ̀ rẹ̀, ìyẹn mìlímítà 135. Bí ẹ bá lọ sí íǹṣì 18, táyà tí kò ní jẹ́ kí gíga àgbá náà yí padà ni 245/45R18, gíga ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi mìlímítà 110 lọ. Mìlímítà 25 tó lọ yẹn wà lára ohun tó ń gba kòtò àti gbágungbàgun sára kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó. Irin ni yóò rọ́pò rẹ̀, ríìmù tó tóbi sì sábà máa ń wúwo ju kékeré lọ. Ẹwà ni ẹni náà ń tà fún yín, ìrìn ọkọ̀ yín ni ẹ ó sì fi san án.

Lẹ́yìn ìwọ̀n táyà, ẹ wo nọ́ńbà àti lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá rí 98V, ohun tí 98 ń sọ ni pé táyà kan lè gbé 750 kílò. V sì túmọ̀ sí pé ó lè fara da eré tó tó kìlómítà 240 ní wákàtí kan, nígbà tí H dúró ní 210. Mo mọ̀ pé ẹ kò ní sá irú eré bẹ́ẹ̀, àmọ́ lẹ́tà yẹn ń sọ bí táyà ṣe lè fara da ooru tó, nítorí náà ẹ má ra èyí tó rẹlẹ̀ ju ohun tí olùṣe ọkọ̀ kọ fún yín lọ. Irú tí wọ́n ṣe fún ìrìn-àjò jẹ́jẹ́ ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe irú tí wọ́n ṣe fún eré àsápajúdé, nítorí pé ariwo èyí pọ̀, kì í sì í pẹ́ jẹ.

Ní ti àlòkù, ojú tó kún kò sọ ọjọ́ orí. Ẹ wá lẹ́tà DOT lára ẹ̀gbẹ́ táyà, kí ẹ sì ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn: 2319 ń sọ pé ọ̀sẹ̀ 23 ní ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà a máa le, a sì máa sán, kódà bí ọkọ̀ bá wà lórí ìdúró. Ọ̀pọ̀ olùṣe ọkọ̀ ní kí a pààrọ̀ táyà bó bá ti pé ọdún 6, ọ̀pọ̀ olùṣe táyà fúnra wọn sì ní kò gbọdọ̀ kọjá 10, ìbáà jẹ́ èyí tí a kò tíì fi rìn rí. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tó ń ta àlòkù kò lè sọ kòtò tó ti kó sí fún yín.

AbẹỌkọ̀

Gbogbo ohun tí OjúTáyà sọ dára, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé táyà tuntun sórí ọkọ̀ yẹn bó ṣe wà yìí, yóò jẹ bí èyí tó wà níbẹ̀ ṣe jẹ. Táyà tó jẹ nínú nìkan, tí sítíárìn sì ń gbọ̀n bí a bá tẹ bíréèkì, abẹ́ iwájú ọkọ̀ ló ń tọ́ka sí. LS 400 ní apá irin kan tó di àgbá iwájú mú kó má bàa fà sẹ́yìn, bọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ìyẹn rọ́bà tó wà ní oríkèé irin náà, sì wà lára àwọn tó ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Bí rọ́bà náà bá ti rọ̀, gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì ni àgbá yóò máa fà sẹ́yìn, táyà yóò kọjú síta díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀ yóò sì máa ha ilẹ̀.

Ẹ gbé iwájú ọkọ̀ sókè, kí ẹ fi igi tàbí irin tó lágbára gbè é, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀ kí ẹ mì í: bó bá ń ṣe gbọ̀ngbọ̀n, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, ìyẹn oríkèé tó so àgbá mọ́ apá irin, ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ẹ dì í mú lọ́tùn-ún àti lósì: ìyẹn á fi orí ọ̀pá sítíárìn hàn yín. Bọ́ọ̀ṣì ní tirẹ̀, irin gígùn ni wọ́n fi ń tì í wò. Bí gbogbo rẹ̀ bá dúró gbọn-in, a jẹ́ pé dísìkì bíréèkì ni kí ẹ wọ̀n.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í ṣe, tó sì máa ń bí mi nínú. Bí wọ́n bá fi bọ́ọ̀ṣì tuntun sí i, wọn kò gbọdọ̀ fún bóòtù rẹ̀ pa nígbà tí àgbá ṣì ń rọ̀ dirodiro lófuurufú. Kí ọkọ̀ kọ́kọ́ fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ lé àgbá, kí wọ́n tó fún un dé ojú àmì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà náà yóò lọ́ pọ̀ bí ọkọ̀ bá ti balẹ̀, yóò sì ya láìpẹ́. Ẹ̀yìn èyí ni aláínmẹ́ǹtì, ìyẹn títo àgbá kó kọjú síbi tó yẹ, tó kàn.

Adákẹ́Ròyìn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ taimin bẹ́líìtì kẹ́yìn, ìyẹn bẹ́líìtì tó ń mú kí ìrìn fáàfù bá ti písítìn mu nínú ẹ́ńjìnnì. Máìlì 90,000, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 145,000, ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Láti ọdún 1998 tí wọ́n ti fi VVT-i (ètò tó ń yí àsìkò tí fáàfù ń ṣí padà) sí ẹ́ńjìnnì yìí, bí bẹ́líìtì náà bá já, fáàfù àti písítìn yóò kọlu ara wọn. Ẹ pààrọ̀ pọ́ǹpù omi pọ̀ mọ́ ọn, nítorí pé ibi kan náà ni wọn yóò tú. Ẹ wò bóyá pọ́ǹpù sítíárìn ń jò pẹ̀lú, torí orí ọtanétọ̀ (ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún ọkọ̀) ni epo rẹ̀ máa ń kán sí lára ọkọ̀ yìí. Epo bíréèkì a máa fa omi mọ́ra: ẹ dà á nù ní ọdún méjì-méjì.

AwakọJẹ́jẹ́

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti dá olóríímù lóhùn. Ọ̀rọ̀ kan ló kù: táyà méjì tó wà lẹ́yìn kò tíì ju ọdún 4 lọ, jíjìn ojú wọn sì ṣì tó mìlímítà 5. Ṣé mo lè ra méjì péré, kí n fi wọ́n síwájú?

OjúTáyà

Ẹ lè ra méjì, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni kí ẹ fi tuntun sí, kí ẹ gbé ti ẹ̀yìn wá síwájú lẹ́yìn tí AbẹỌkọ̀ bá ti rí bọ́ọ̀ṣì yẹn tún ṣe. Bí òjò bá rọ̀, tí iwájú yọ̀, ọkọ̀ yóò kọ̀ láti yà, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n lára sítíárìn, ẹ ó dẹ ẹsẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá yọ̀, yóò gbá ọkọ̀ yí po kí ẹ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Irú kan náà pẹ̀lú èyí tó wà nílẹ̀ ni kí ẹ rà, bí ẹ bá rí i. Kí wọ́n ṣe bálánsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì wọn atẹ́gùn ní òwúrọ̀ kí táyà tó gbóná, kí ó bá iye tí olùṣe ọkọ̀ kọ mu.