Ìwé orin ẹran ọ̀sìn fún ọmọ ọdún mẹ́ta: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àwọn ìbejì mi ti pé ọdún mẹ́ta. Old MacDonald, orin òyìnbó tó ń ka ẹran ọ̀sìn, ni wọ́n ń kọ bọ̀ láti jẹ́lé-ó-sinmi lójoojúmọ́. Màlúù, àgùntàn, pẹ́pẹ́yẹ, kò sí èyí tí wọ́n lè fi Yorùbá pè níbẹ̀. Mo ń wá ìwé aláwòrán tó jẹ́ irú orin yẹn, tí mo lè fi kọ́ wọn lédè wa. Ibo ni kí n yà sí tí owó ò ní pọ̀?

Bàbá Àgbà, Houston:
Ẹ kú ìtọ́jú àwọn èjìrẹ́. Ẹ má tíì ra nǹkan kan, ilé ìkàwé ni kí ẹ lọ. Ibi ìwé ìtàn ọmọdé nìkan ni ọ̀pọ̀ òbí ń wò, wọn ò sì ní rí i. Lọ́dọ̀ wa níbí, nọ́ḿbà 782.42 ni wọ́n sábà máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé tó bá jẹ́ orin. Ẹ béèrè "I Bought Me a Cat". Àwọn kan ń pè é ní "Fiddle-I-Fee". Orin ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà ni, òun náà ni Aaron Copland, ará Amẹ́ríkà tó máa ń ṣe orin, tún tò fún olórin àti dùùrù ní 1950. Ológbò ni wọ́n kọ́kọ́ rà, pẹ́pẹ́yẹ tẹ̀ lé e. Bí ẹran tuntun bá ti wọlé, wọn á tún ka gbogbo èyí tó wà nílẹ̀ títí á fi padà kan ológbò.

Ibẹ̀ gan-an lọgbọ́n wà. Bí ẹran bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹsẹ mẹ́jọ ni wọn á ti gbọ́ ti àkọ́kọ́, ti ìkẹyìn ò ní ju ẹsẹ kan lọ. Tí ìwé bá ti mọ́ wọn lára, ẹ kó ẹran oníke ìṣeré sórí ẹní, kí ẹ wá fi èyí tí orúkọ rẹ̀ le lẹ́nu wọn ṣáájú.

Olùkọ́ Ọjọ́ Sátidé, Leeds:
Òótọ́ ni Bàbá sọ. Àmọ́ ẹ ṣọ́ ohùn orin o. Tí ẹ bá ki Yorùbá bọ inú ohùn òyìnbó, "ewúrẹ́" ò ní dún bí ewúrẹ́ mọ́. Ẹni tó bá dàgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì ti gbọ́ ohun tí èyí ṣe sí àwọn orin ìyìn tí wọ́n tú. Àwòrán inú ìwé ni kí ẹ lò, kí ẹ lé orin bíi ti àlọ́, kí àwọn ọmọ máa gbè é. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí:

Mo ra ewúrẹ́ kan.
— Báwo ló ṣe ń ké?
Mẹ̀ẹ̀ẹ̀, mẹ̀ẹ̀ẹ̀!
— Ẹ fún un léèpo iṣu!

Mo ra àkùkọ kan.
— Báwo ló ṣe ń kọ?
Kekeréèkè!
— Ẹ fún un lágbàdo! Ẹ fún ewúrẹ́ léèpo iṣu!

Tó bá fi máa di ẹran karùn-ún, ariwo ti gba gbogbo ilé. Gbólóhùn odindi ló ń jáde lẹ́nu wọn, kì í ṣe orúkọ ẹran lásán.

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù:
Ẹ ṣeun gan-an! Ẹnìkan fún mi ní ìwé orin ti ìyá arúgbó tó gbé eṣinṣin mì, èyí tí Simms Taback ya àwòrán rẹ̀. Ṣé ó dáa fún wọn?

Olùkọ́ Ọjọ́ Sátidé, Leeds:
Ìwé tó rẹwà ni, ó gba Caldecott Honor, àmì ẹ̀yẹ Amẹ́ríkà fún àwòrán inú ìwé ọmọdé, ní 1998. Wọ́n lu ihò sí ojú ìwé, ihò náà á máa fẹ̀ sí i, ẹ ó sì máa rí ẹran nínú ikùn ìyá náà. Ṣùgbọ́n ìgbà tó gbé ẹṣin mì ló kú. Èmi ò ní ka ìyẹn fún ọmọ ọdún mẹ́ta lásìkò oorun. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dàgbà díẹ̀ sí i.

Ìyá Adé, Dublin:
Ẹ ní kí màmá yín nílé lé orin náà sórí WhatsApp, kí wọ́n sì dákẹ́ díẹ̀ níbi tó yẹ kí ọmọ gbè. Tèmi kì í jẹ́ kí ìyá àgbà sinmi mọ́. Bí ìwé bá sì jẹ́ tiyín, ẹ kọ gbólóhùn Yorùbá sórí bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ àwòrán. Ẹ má dán an wò lórí ti ilé ìkàwé o.

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù:
Ọ̀la ni mò ń lọ síbẹ̀. Olùkọ́, kí lẹ ń fún màlúù àti ẹṣin jẹ nínú orin yín?

Olùkọ́ Ọjọ́ Sátidé, Leeds:
Màlúù, koríko tútù. Ẹṣin, ọkà bàbà.