Àbọ̀ lórí aṣọ ìbora ọmọ tí mo ń hun: ìbú rẹ̀ kò dín kù mọ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi ni mo béèrè ìdí tí aṣọ ìbora tí mo ń fi abẹ́rẹ́ oníkọ́ hun fún ọmọ àbúrò mi fi ń dín kù níbùú bí mo ṣe ń hun ún lọ. Ó ti yanjú.

Ẹni tó ní kí n fi òwú pupa sàmì sí ojú (ìkọ́ òwú kọ̀ọ̀kan tí a hun) àkọ́kọ́ àti ojú ìkẹyìn ìlà kọ̀ọ̀kan, kí n sì máa kà wọ́n, ló gbà mí. Ojú 80 ni mo fi bẹ̀rẹ̀; nígbà tí mo kà á, 71 ló kù! Ojú tó kẹ́yìn, tó máa ń fara pamọ́ síbi tí a ti ń yí iṣẹ́ padà, ni mo ń fò. Ìyá àgbà tó kọ́ mi kì í kà á rárá. Àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń tẹ ojú yẹn kí wọ́n tó yí iṣẹ́ padà, mo sì ti rò pé àṣà ọwọ́ wọn lásán ni. Mo tú u títí dé ibi tí ojú 80 ti pé.

Abẹ́rẹ́ tó tóbi jù tí ẹlòmíì dábàá jẹ́ kí aṣọ náà rọ̀ dáadáa, àmọ́ kò kan ti ìbú. Ìmọ̀ràn pé kí n fi omi rin ín kí n sì fi píìnì nà án kò bá a mu: òwú acrylic (òwú àtọwọ́dá) ni tèmi, bó ṣe gbẹ ló súnkì padà. Ọ̀nà yẹn máa ń dára fún òwú irun àgùntàn.

Ó ku ìṣẹ́tí. Ìyá àgbà ní àwọn máa jókòó tì mí ṣe é. Ẹ ṣeun gan-an.