Corolla mi gbé P0171 àti P0303 wá: kí ni kí n kọ́kọ́ pààrọ̀?

Ọlọ́jà Kábbà:
Okun o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn yín kí n tó náwó. Corolla 2005 ni mo ń wà. Mo ń ti Lọ́kọ́ja bọ̀ ni iná check engine tàn, ó sì ń ṣẹ́jú. Tí mo bá ń gun òkè, ọkọ̀ á máa jáàkì. Tí mo bá dúró, gbogbo ara rẹ̀ á máa gbọ̀n. Rewáyà àdúgbò mi scan ẹ, ó rí kóòdù méjèèjì yìí, ó ní kí n ra oxygen sensor, èyí tó ń wo ọ́síjìn inú èsọ́ọ̀sì. Mẹkáníìkì mi ní brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ló ti lọ. Owó méjèèjì kò sí lọ́wọ́ mi, ọkọ̀ yìí sì ni mo fi ń kó ọjà lọ Ìyàrá. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Rewáyà Ìsánlú:
Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Kóòdù kì í dárúkọ ohun tó bàjẹ́. Ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ rí ló ń sọ. P0303: sílíńdà kẹta kò jó epo rẹ̀ dáadáa. P0171: afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Tí sílíńdà kan kò bá jó, ọ́síjìn inú rẹ̀ á jáde sínú èsọ́ọ̀sì, sensor á rí i, á ní afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Sensor lè má bàjẹ́ rárá. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń mú P0303 kọ́kọ́.

Ẹ́ńjìnnì yẹn ní coil (ohun tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná) mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí púlọ́ọ̀gì tirẹ̀. Ẹ kà á láti ìhà bẹ́líìtì, ibẹ̀ ni ìkíní wà. Ẹ ya fọ́tò kóòdù àti freeze frame (àkọsílẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe wà nígbà tí kóòdù wọlé) kí wọ́n tó pa á rẹ́. Kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n gbé coil ẹ̀kẹta sí ìkíní, kí ti ìkíní lọ sí ẹ̀kẹta, kí ẹ wà á díẹ̀. Tó bá di P0301, ìyẹn sílíńdà ìkíní, coil ni. Tó bá dúró ní P0303, ẹ yẹ púlọ́ọ̀gì wò, lẹ́yìn náà injector tó ń fọ́n epo sí i.

Awakọ̀ Ẹ̀gbẹ̀:
Iná tó ń ṣẹ́jú yẹn ló bà mí lẹ́rù, mà. Epo tí kò jó ń wọ inú catalytic converter, èyí tó ń fọ èéfín mọ́ nínú èsọ́ọ̀sì, á gbóná títí á fi yọ́. Ẹ má fi kó ẹrù gun òkè mọ́. Èmi rò pé epo burúkú ni wọ́n tà fún yín, tí omi wà nínú rẹ̀.

Rewáyà Ìsánlú:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun fún ọ̀rọ̀ iná yẹn, mo gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi inú epo kì í sábà yan sílíńdà kan ṣoṣo. P0300, ìyẹn sílíńdà tó ju ẹyọ kan lọ, là bá rí.

Ọlọ́jà Kábbà:
Ẹ ṣeun púpọ̀. P0301 ló jáde! Mo ti ra coil kan, gbígbọ̀n ti dáwọ́ dúró. Àmọ́ P0171 tún padà wá. Ṣé sensor náà ló kù?

Mẹkáníìkì Mọ̀pà:
Rárá, mà. Kí wọ́n ṣí fuel trim (ìdá epo tí kọ̀ǹpútà ń fi kún tàbí tó ń yọ kúrò) lórí ẹ̀rọ scan, kí ọkọ̀ wà lójú kan, kí wọ́n sì tún tẹ accelerator dé 2500 rpm. Tí nọ́ńbà bá ga nígbà tó wà lójú kan, tó sì wálẹ̀ nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ ń yọ́ wọlé níbì kan. Tó bá ń pọ̀ sí i bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, pọ́ńpù epo ti ń rẹ̀ ẹ́ tàbí MAF, tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, ti dọ̀tí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ gbogbo họ́ọ̀sì.

Ọlọ́jà Kábbà:
Fuel trim jẹ́ 23% lójú kan, 6% ní 2500. Họ́ọ̀sì dúdú ńlá tó wà lẹ́yìn MAF ló là lábẹ́, àyàfi tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ kó tó hàn. Mẹkáníìkì mi fẹ́ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́.

Mẹkáníìkì Mọ̀pà:
Ẹ má gbà, mà. Ooru ẹ́ńjìnnì á tún ṣí i. Tòkunbọ̀ tí rọ́bà rẹ̀ kò tíì gbẹ á ṣe é. Kí wọ́n di clip ìhà méjèèjì le, kí wọ́n pa kóòdù rẹ́, kí ẹ tún wo fuel trim. Kò gbọdọ̀ jìnnà sí òdo mọ́.