Ọdún kan ṣoṣo ni mo ń wò: ìrírí wa nípa yíyan agbábọ́ọ̀lù nínú fantasy bésíbọ́ọ̀lù

Ará Atlanta:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó di ọdún kẹfà tí èmi àti àwọn ará ibi iṣẹ́ mi, àwa méjìlá, ti ń ṣe fantasy bésíbọ́ọ̀lù papọ̀. Oṣù kẹta ọdọọdún la máa ń péjọ láti yan àwọn agbábọ́ọ̀lù, kí ohun tí wọ́n bá ṣe lórí pápá lójoojúmọ́ lè di àmì fún wa. Ẹni tó bá ṣáájú ní ìpele kìíní ni yóò kẹ́yìn ní ìpele kejì. Èyí já sí pé bí ìbò bá mú mi láti kọ́kọ́ yan, ó di ipò kẹrìnlélógún kí ó tó tún kàn mí, nítorí náà n kò gbọdọ̀ ṣi ẹni àkọ́kọ́ yẹn mú.

Ní 2024, èmi ni ìbò mú. Ronald Acuña Jr. ti ẹgbẹ́ Braves, tí mo máa ń wò ní ìlú tí mo ń gbé yìí, ṣẹ̀ṣẹ̀ parí sáà 2023 pẹ̀lú home run 41 (bọ́ọ̀lù tó gbá kọjá ògiri pápá) àti béèsì 73 tó jí (béèsì tó sáré gbà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbá bọ́ọ̀lù). Kò sí agbábọ́ọ̀lù kankan ní líìgì ńlá Amẹ́ríkà tó tíì kó home run 40 àti béèsì 70 pọ̀ nínú sáà kan rí. Mo mú un láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó di ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún, ní Pittsburgh, orúnkún òsì rẹ̀ yẹ̀ níbi tó ti ń sáré láàárín béèsì, iṣan inú rẹ̀ já, sáà rẹ̀ sì parí síbẹ̀. Home run 4 péré ni mo rí gbà. Ohun tó dùn mí jù ni pé irú iṣan yìí kan náà ti já ní orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ní oṣù keje 2021, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Òǹkà 73 yẹn ló kún ojú mi débi pé n kò ka ọdún 2021 mọ́ àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Ní 2025, orúkọ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí ó kàn mí ní ìpele kẹta. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Mo fò ó, ẹlòmíràn sì mú un. Ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún ló padà sórí pápá, bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí wọ́n jù sí i ló fi gbá home run, ó sì gbá 21 nínú ìdíje 95. Ìgbà yẹn ni mo tó rí àṣìṣe mi kedere: ní 2024, sáà 2023 nìkan ni mo wò, ní 2025, sáà 2024 nìkan ni mo tún wò. Èyí kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí kì í tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni mo fi ṣe ìdájọ́, bí kò ṣe ọgbẹ́ ọkàn tèmi. Ǹjẹ́ irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà?

Ará Maryland:

Ẹ̀gbọ́n, ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní ọdún kan náà. Spencer Strider ni mo fi ṣáájú, nítorí strikeout 281 (ìgbà tí ajùbọ́ọ̀lù lé agbábọ́ọ̀lù kúrò láìjẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù) tó ní ní 2023, tí kò sí ajùbọ́ọ̀lù mìíràn tó ní tó bẹ́ẹ̀, àti ìdíje 20 tó jẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló bẹ̀rẹ̀ ìdíje ní 2024 kí ìgúnwọ́ rẹ̀ tó bàjẹ́. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ìgúnwọ́ yẹn ní 2019, nígbà tó ṣì wà ní Yunifásítì Clemson, èmi kò sì wá a kàn torí pé orí òǹkà sáà tó kọjá ni mo dúró sí.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ya àkọsílẹ̀ ajùbọ́ọ̀lù sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Strikeout sábà máa ń tẹ̀lé ènìyàn láti sáà dé sáà, ṣùgbọ́n ìdíje tó jẹ wà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ rẹ̀, ERA (ìwọ̀n àmì tí wọ́n ń gbà lórí ajùbọ́ọ̀lù nínú ìdíje kíkún kan, bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó) sì gbára lé àwọn tó ń mú bọ́ọ̀lù lẹ́yìn rẹ̀. ERA Blake Snell jẹ́ 1.89 ní 2018, ó sì jẹ ìdíje 21. Ní sáà tó tẹ̀lé e, ERA náà di 4.29. Àwọn àgbà níbi iṣẹ́ mi ní Baltimore ṣì ń sọ̀rọ̀ Brady Anderson, tó gbá home run 16 ní 1995, tó gbá 50 ní 1996, tó sì padà sí 18 ní 1997.

Ará Houston:

Ìṣirò ni iṣẹ́ mi, bóyá ìyẹn ló gbà mí. Tom Tango, onímọ̀ ìṣirò bésíbọ́ọ̀lù, gbé ọ̀nà kan jáde láti fi sọ ohun tí agbábọ́ọ̀lù lè ṣe ní sáà tó ń bọ̀, tó pè ní Marcel: sáà tó kọjá gba ìwọ̀n 5, èyí tó ṣáájú rẹ̀ gba 4, ẹ̀kẹta gba 3, lẹ́yìn náà ni wọn yóò fà á sún mọ́ ìwọ̀n àárín gbogbo agbábọ́ọ̀lù, tí wọn yóò sì wo ọjọ́ orí. Mo fi òǹkà lásán dán an wò fún Acuña kí sáà 2024 tó bẹ̀rẹ̀. Home run 41, 15 àti 24 (ti 2023, 2022 àti 2021) di 28. Béèsì 73, 29 àti 17 di 44. Ẹni tó dára gan-an ṣì ni, àmọ́ kì í ṣe ẹni tí mo fẹ́ fi gbogbo ọkàn lé. Aaron Judge ni mo mú, tí ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù nítorí ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó pa á lára ní 2023. Home run tirẹ̀, 37, 62 àti 39, di 46. Ó gbá 58 ní 2024.

Ará Atlanta:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò. Béèsì 29 ti 2022 àti 73 ti 2023 kò sí lábẹ́ òfin kan náà, torí 2023 ni wọ́n fẹ béèsì láti ínṣì 15 sí 18, tí wọ́n sì dín iye ìgbà tí ajùbọ́ọ̀lù lè dá eré dúró láti ṣọ́ ẹni tó fẹ́ jí béèsì kù sí ẹ̀ẹ̀mejì. Ṣé ẹ ṣì máa ń fún sáà 2021 àti 2022 ní ìwọ̀n wọn lórí béèsì jíjí, àbí ẹ máa ń yọ wọ́n kúrò? Mo ti kọ òǹkà ọdún mẹ́ta sílẹ̀ fún ogójì agbábọ́ọ̀lù, òpó béèsì nìkan ni mo ṣì fi sílẹ̀ lófìfo.