Ṣáásì píkọ́ọ̀pù yìí ti dógùn-ún: ṣé kí n rà á kí n tún un ṣe, àbí kí n fi í sílẹ̀?

Olùbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Píkọ́ọ̀pù àlòkù kan ni mo ń ná lọ́wọ́. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún dáadáa, jíà ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, bọ́dì rẹ̀ mọ́ tónítóní. Abẹ́ rẹ̀ ló ń kọ mí lóminú. Irú èyí tí ṣáásì rẹ̀, ìyẹn férémù irin tó gbé gbogbo ọkọ̀ ró, dá dúró, tí wọ́n wá gbé bọ́dì lé lórí ni. Níbi tí ṣáásì ti tẹ̀ sókè kọjá lórí ásù ẹ̀yìn (ọ̀pá irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀), irin ń bó ní ìpele ìpele bí èèpo igi gbígbẹ. Ihò kan wà lápá òsì tí àtàǹpàkò mi wọ̀, kò sì jìnnà rárá sí ibi tí wọ́n so sípírínǹgì ẹ̀yìn mọ́. Ẹni tó ń tà á ti fi ọ̀dà dúdú kun gbogbo abẹ́ ọkọ̀, ó ní kí n kàn pe wẹ́dà kó lẹ irin mọ́ ọn, ó parí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó tó ohun tí èèyàn ń tún ṣe?

Ìdáhùn 1:
Ẹ má tíì sanwó o. Ọ̀dà dúdú yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹni tó fẹ́ dáàbò bo irin á ha ìpẹtà rẹ̀ kúrò ná, á sì fi nǹkan bo rọ́bà àti páìpù kó tó kùn ún. Bí ẹ bá rí ọ̀dà lára rọ́bà, lára wáyà, lórí amọ̀ gbígbẹ, a jẹ́ pé wọ́n kùn ún fún títà ni.

Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín pé ẹ fẹ́ fi òòlù kan abẹ́ rẹ̀. Bó bá kọ̀, ẹ ti gbọ́ èsì yín nìyẹn. Ẹ gbé ọkọ̀ sókè lórí ilẹ̀ líle, kí ẹsẹ̀ irin gbé e dúró, kì í ṣe jáàkì nìkan, ẹ má sì fi jáàkì ti ibi tó ti dípẹtà. Òòlù kékeré àti sukurudáífà gígùn ti tó. Ẹ máa kan ṣáásì láti iwájú dé ẹ̀yìn ní àlàfo ìka mẹ́rin mẹ́rin: ẹ̀gbẹ́, abẹ́, àti òkè níbi tọ́wọ́ bá dé. Irin tó ṣì le á ké bí agogo, òòlù á sì ta padà sí yín lọ́wọ́. Èyí tí inú rẹ̀ ti jẹ á dún gbì, òòlù á rì díẹ̀, èérún á máa dà sílẹ̀. Níbi tó bá ti dún gbì, ẹ fi sukurudáífà tì í tagbáratagbára. Bó bá wọlé, ibẹ̀ ti lọ.

Ihò tí ẹ rí báyìí kọ́ ni ẹ máa wọ̀n o. Ihò tó bá kù lẹ́yìn tí òòlù ti gbọn gbogbo irin tó jẹrà dànù ni. Ìdí ni pé ṣáásì tó dà bí àpótí kì í sábà dógùn-ún láti ìta, láti inú ló sábà ti ń jẹ bọ̀. Amọ̀, àti iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà nílẹ̀ olótùútù, á kó sínú rẹ̀, wọ́n á dí ojú ihò kéékèèké tí omi ń gbà jáde, ọ̀rinrin á wá jókòó síbẹ̀. Kí ihò tó yọ síta, irin tó yí i ká á ti fẹ́lẹ́ bíi bébà. Ẹ ki ìka bọ inú ihò yẹn. Bí ẹ bá ń fọwọ́ kó èérún jáde, ẹ máa retí ohun tó burú ju èyí tójú rí lọ.

Ìdáhùn 2:
Iṣẹ́ wẹ́dà ni mo ń ṣe. Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ tó wà lókè yìí, ṣùgbọ́n kí n fi ibi tí ihò wà kún un. Ihò tó wà láàárín ṣáásì, tí kò sí nǹkan tó so mọ́ ìtòsí rẹ̀, ṣeé fi iná wẹ́dà jó pa. Ìdí sípírínǹgì yàtọ̀. Gbogbo ẹrù ọkọ̀ ń gba ibẹ̀ bọ́ sórí táyà, gbogbo kòtò tí ẹ bá já sí, ibẹ̀ ló ń gbá. Bó bá já, sípírínǹgì á gún òkè, ásù á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọkọ̀ á sì máa darí ara rẹ̀. Nínú MOT, àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọkọ̀ yẹ lójú ọ̀nà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìpẹtà tó bá ti jẹ irin láàárín 30 cm sí ibi tí wọ́n so sípírínǹgì, sitíárìn, bíréèkì tàbí bẹ́líìtì ìjókòó mọ́ lè mú kí ọkọ̀ kùnà. Ẹ fi òṣùwọ̀n yẹn wọn tiyín.

Ọ̀rọ̀ “kó lẹ irin mọ́ ọn” ló ń bí mi nínú. Bí mo bá jó irin tuntun mọ́ irin tó jẹrà, iná á jẹ etí ihò náà ni, ihò á máa fẹ̀ sí i. Ká tiẹ̀ ní ó dì mú, omi á wọ àárín irin méjèèjì, á sì máa jẹ wọ́n níbi tójú ò tó. Bó ṣe yẹ kó lọ nìyí: ká tú bátìrì kúrò, ká sọ táńkì epo kalẹ̀, ká yọ páìpù epo, páìpù bíréèkì àti wáyà kúrò nítòsí. Ká wọn ṣáásì ní igun sí igun, láti ihò bóòtù apá òsì iwájú dé ti apá ọ̀tún ẹ̀yìn, kí a sì wọn òdìkejì, kí ìwọ̀n méjèèjì bára mu. Ká fi irin dá a dúró kó má baà tẹ̀ bí a bá gé e. Lẹ́yìn náà ni ká wá gé e títí dé ibi tí irin ṣì nípọn bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá.

Irin tí a ó fi dí i gbọ́dọ̀ nípọn bákan náà. Bí ṣáásì bá jẹ́ 3 mm, 3 mm ni. Àwọn kan á fi 6 mm sí i pé kó lè lágbára, ibi tí irin nínípọn yẹn bá parí sí ni ṣáásì á ti máa sán. Ẹ má gbà kí wọ́n gé etí irin náà ní ìdúró gbọọrọ: kí ó yọ ṣóńṣó lápá méjèèjì, kí ojú iná má dá ṣáásì lábùú. Ká máa jó o díẹ̀díẹ̀, bíi 3 cm níbí, 3 cm lápá kejì, kí ooru má baà lọ́ ọ, títí gbogbo etí rẹ̀ á fi pàdé. Níkẹyìn, ká fi ọ̀pá gígùn fọ́n epo ìda sínú ṣáásì, torí iná ti jó ọ̀dà inú rẹ̀ tán.

Ìdáhùn 3:
Oògùn tó ń sọ ìpẹtà di dúdú ńkọ́? Kí ẹ fi kùn ún, kí ẹ wá kun ọ̀dà lé e lórí.

Ìdáhùn 2:
Rárá, ọ̀gá mi. Ìpẹtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó lẹ̀ mọ́ irin líle ni oògùn yẹn wà fún, lẹ́yìn tí a bá ti fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha èyí tó ń bó kúrò. Kò lè dá irin tó ti lọ padà. Ẹ fi sí apá iwájú ṣáásì tó bá ṣì ń ké, ẹ má fi sí ìdí sípírínǹgì.

Ìdáhùn 4:
Ohun tẹ́nikẹ́ni ò tíì kà mọ́ ọn: páìpù bíréèkì. Ara ṣáásì yẹn ló gbà kọjá, omi kan náà ló ń mu. Bí ẹ bá fi sípánà kàn án, á lọ́, á sì kán. Ẹ ka odindi páìpù tuntun mọ́ owó iṣẹ́, èyí tí wọ́n fi bàbà àti níkẹ́lì ṣe, torí kì í dípẹtà. Bóòtù tó so bọ́dì mọ́ ṣáásì náà máa ń kú síbẹ̀. Ẹ fi epo atúdè rin wọ́n láti ọjọ́ méjì ṣáájú. Pẹ̀lú ìyẹn náà, àwọn kan á ṣì kán, iṣẹ́ ọjọ́ kan á sì di mẹ́ta.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti kàn án. Láti ìdí ẹ́ńjìnnì dé abẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń ké bí agogo. Ihò apá òsì ti di ìbú ọwọ́ mi. Lápá ọ̀tún, ibi kan náà gan-an, sukurudáífà wọlé. Irin ìdábùú tó wà lókè táńkì epo náà lu.

Ìdáhùn 1:
Ó ti kúrò ní ọ̀rọ̀ alẹ̀mọ́ nìyẹn. Ìdí sípírínǹgì méjèèjì pẹ̀lú irin ìdábùú, ìdá kan nínú mẹ́ta ṣáásì ni wọ́n máa gé. Ọ̀nà méjì ló kù: kí wọ́n pààrọ̀ apá ẹ̀yìn pátá, àwọn píkọ́ọ̀pù kan wà tí wọ́n ń ṣe apá ẹ̀yìn wọn tà, tàbí kí wọ́n wá odindi ṣáásì míì. Èyí àkọ́kọ́ ń fẹ́ ọ̀gá wẹ́dà tó ní férémù ìwọ̀n tí wọ́n ń de ṣáásì mọ́ kó má baà wọ́. Èkejì túmọ̀ sí pé bọ́dì, ẹ́ńjìnnì, jíà, sitíárìn àti wáyà ló máa kúrò níbẹ̀. Ẹ rántí pé nọ́ńbà ṣáásì wà lára irin náà, ó sì gbọ́dọ̀ bá ìwé ọkọ̀ mu. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ṣáásì kejì wà nílẹ̀, tí ẹ sì ti fi òòlù kan òun náà.

Èrò tèmi ni pé kí ẹ má rà á bí ọkọ̀ tó ń rìn. Ẹ ná an ní iye ẹ́ńjìnnì, jíà àti ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí ẹni tó ni ín ò bá gbà, ẹ máa lọ. Bó bá gbà, ẹ má wà á lọ sílé, ọkọ̀ agbọ́kọ̀ ni kó gbé e.

Olùbéèrè:
Mo ti gbọ́. Iye ẹ́ńjìnnì àti jíà ni n ó fi lọ̀ ọ́ lọ́la. Òmíràn tún wà tí mo fẹ́ lọ wò.

Ìdáhùn 4:
Tí ẹ bá dé ìdí òmíràn yẹn, ẹ sọ táyà ìpamọ́ tó wà lábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kalẹ̀ ná, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí òkè ibi tó wà. Ọ̀dà tí wọ́n kùn fún títà kì í sábà dé ibẹ̀.