Ẹja wo ló lè bára wọn gbé nínú táǹkì olómi iyọ̀ mi, kí ni mo sì lè fi kápá algae (ohun tó ń hù nínú omi bí ewéko)?

Onítáǹkì Tuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé táǹkì olómi iyọ̀ kan kalẹ̀, nǹkan bí 150 lítà ló ń gbà. Òkúta àti iyanrìn ti wà nínú rẹ̀, pọ́ǹpù àti hítà ń ṣiṣẹ́, ìwọ̀n iyọ̀ rẹ̀ dúró sí 1.025, ooru rẹ̀ kì í sì í kọjá 26°C. Mo ń dúró kí amóníà àti náítráìtì, àwọn májèlé tó ń wá látinú ìdọ̀tí táǹkì, lọ sílẹ̀ dé òdo kí n tó kó ẹja kankan sí i.

Ẹja tí ọkàn mi ń fà sí nìyí: clownfish méjì, damsel aláwọ̀ búlúù mẹ́ta, yellow tang kan, firefish kan, mandarin kan. Ṣé wọ́n á lè bára wọn gbé?

Èyí tó tún ń dà mí láàmú ni nǹkan pupa rúsúrúsú kan tó ti bo iyanrìn àti gíláàsì láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bí mo bá fi ọwọ́ nù ún, á kúrò bí eruku, bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ó ti tún bò ó. Ṣé kí n wá ẹja tó ń jẹ algae sí i ni?

Bàbá Ẹlẹ́ja

Àbúrò, o káre tí o béèrè kí o tó rà wọ́n.

Fi yellow tang sílẹ̀. Ní kékeré ó dà bí ẹni pé kò ní gbààyè, ṣùgbọ́n ó lè gùn tó 20 sẹ̀ǹtímítà, kì í sì í dúró lójú kan. Àárọ̀ ṣúlẹ̀ ló fi ń lúwẹ̀ẹ́ kiri, tó ń ṣa algae jẹ lára òkúta. Èmi ò ní fi sínú táǹkì tí kò bá tó nǹkan bí 400 lítà.

Damsel ńkọ́? Ẹja yẹn kéré lójú, ó le lọ́wọ́. Bó bá ti gba ihò kan lábẹ́ òkúta, ẹja tó bá sún mọ́ ibẹ̀ á jìyà. Bí o bá sì kó mẹ́ta sí i, èyí tó lágbára jù á máa lé àwọn méjì yòókù títí wọn ò fi ní lè jẹun. Ìgbà tí o bá fẹ́ mú un jáde ni wàhálà gan-an, torí àfi kí o tú gbogbo òkúta.

Mandarin lẹ́wà, mo mọ̀. Àmọ́ àwọn ẹ̀dá tíntìntín tí wọ́n ń pè ní copepod ni oúnjẹ rẹ̀, ara òkúta ló sì ti ń ṣà wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan látàárọ̀. Táǹkì tuntun ò ní in tó. Púpọ̀ nínú wọn kì í fẹnu kan oúnjẹ tí a bá fún wọn, ikùn wọn á máa wọlé díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n á fi kú. Jẹ́ kí táǹkì yẹn gbó ju ọdún kan lọ kí o tó ronú kàn án.

Ó ku clownfish àti firefish, àwọn yẹn bára mu. Firefish ni kí o kọ́kọ́ fi sí i torí ojo ni. Ó fẹ́ mọ ibi tó máa sá sí kí àwọn mìíràn tó dé. Fi àwọ̀n bo orí táǹkì, ẹja náà ń fò jáde. Clownfish ni kó wọlé kẹ́yìn. Mú ńlá kan, kékeré kan: akọ ni gbogbo wọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, èyí tó bá tóbi jù ló ń di abo, ìjà wọn á sì dín kù. Bí o bá fẹ́ ẹja mìíràn láàárín wọn, royal gramma dára, èyí tí iwájú rẹ̀ jẹ́ elésè àlùkò tí ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ìyá Ìbejì

Bàbá ti sọ ti ẹja tán, ẹ jẹ́ kí n sọ ti algae.

Diatom, irú algae tíntìntín kan, ni ohun pupa yẹn. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí táǹkì tuntun tí kì í yọjú sí. Silicate, èròjà kan tó wà nínú omi àti iyanrìn, ló ń jẹ. Bí ìyẹn bá tán, òun náà á lọ, ó lè gbà á ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Má ra ẹja nítorí rẹ̀ rárá. Irú omi wo lò ń lò? Omi ẹ̀rọ lè ní silicate àti fọ́sífétì, èròjà mìíràn tí algae ń jẹ, nínú. Omi tó ti gba inú fílítà RO/DI kọjá, èyí tó ń yọ irú èròjà bẹ́ẹ̀ kúrò, ni kí o fi po iyọ̀. Òun náà ni kí o fi dí èyí tó bá gbẹ, láìfi iyọ̀ sí i, torí omi ló ń gbẹ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Níwọ̀n ìgbà tí kò tíì sí ẹja níbẹ̀, o lè pa iná tó ń tàn sí i pátápátá.

Èyí tó yẹ kí o múra sílẹ̀ dè ni algae aláwọ̀ ewé tó ń hù bí irun. Oúnjẹ tó bá ṣẹ́ kù ló ń sọ náítréètì (ó yàtọ̀ sí náítráìtì) àti fọ́sífétì di púpọ̀, àwọn ni irun yẹn sì ń jẹ. Ìwọ̀nba tí ẹja lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú méjì ni kí o máa fún wọn. Bó bá jẹ́ oúnjẹ dídì, jẹ́ kó yọ́, kí o sẹ́ omi rẹ̀ dànù. Tan iná fún wákàtí 6 sí 8 lójúmọ́, kí o máa pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́wàá omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tí o bá wọn omi tí náítréètì jẹ́ òdo, tí irun sì bo òkúta, má jẹ́ kó tàn ọ́. Algae yẹn gan-an ló ti mu ún.

Ọmọ Òkun

Ẹ kú àlàyé, mà. Lawnmower blenny kan, ẹja tó ń jẹ algae, àti hermit crab (alákàn tó ń gbé inú ìkarahun) bíi mẹ́wàá ò burú, àbí? Tèmi mọ́ tónítóní.

Ìyá Ìbejì

Táǹkì rẹ ti gbó, àbúrò, oúnjẹ blenny kì í wọ́n níbẹ̀. Nínú táǹkì tuntun, bó bá jẹ algae ara òkúta tán, ebi ló kù. Hermit crab ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń pa ìṣáwùrú kó lè gba ìkarahun rẹ̀. Tẹ́nì kan bá fẹ́ sìn ín, kó da òfìfo ìkarahun tó tóbi jù ara wọn lọ sílẹ̀ fún un. Ìṣáwùrú ni mo fara mọ́: trochus fún gíláàsì àti òkúta, cerith fún iyanrìn. Mẹ́rin márùn-ún ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀.

Onítáǹkì Tuntun

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin òbí mi. Mo ti fa igi lé tang, damsel àti mandarin. Ṣé kí ìṣáwùrú wọlé ṣáájú ẹja? Bí àìsàn bá sì mú ẹja ńkọ́, ṣé mo lè da oògùn sínú táǹkì?

Bàbá Ẹlẹ́ja

Ìṣáwùrú lè ṣáájú, bí amóníà àti náítráìtì bá ti wà ní òdo tí oúnjẹ sì ti wà fún un lára gíláàsì. Iyọ̀ tó bá yí padà lójijì ń pa á ju ẹja lọ, nítorí náà jẹ́ kí omi táǹkì máa kán sínú ike rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí kan ó kéré tán. Gbé e sórí òkúta, má jù ú sí i. Bó bá ṣubú fẹ̀yìn lélẹ̀, trochus sábà máa ń yí ara rẹ̀ padà, àmọ́ irú mìíràn bí astraea kì í sábà lè ṣe é.

Ní ti oògùn, rárá. Èyí tó ní kọ́pà nínú, tí a fi ń wo àìsàn àmì funfun lára ẹja, á pa gbogbo ìṣáwùrú rẹ. Wá táǹkì kékeré mìíràn tí kò ní òkúta tàbí iyanrìn, kí ẹja tuntun kọ́kọ́ gbé ibẹ̀ fún nǹkan bí oṣù kan. Ibẹ̀ ni kí o ti tọ́jú èyí tó bá ṣàìsàn.